Ǹjẹ́ kóró òwú tí wọ́n dín oró rẹ̀ kù tọ́ fún adìẹ wa?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùmù, Àfáà. Kàbbà ni mo ti ń sin adìẹ ẹlẹ́yin. Sọ́yà ti wọ́n jù, mo sì fẹ́ fi kóró òwú kún oúnjẹ wọn, àmọ́ wọ́n ní ó ní oró. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣe irú èyí tí oró rẹ̀ kéré ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní yíyí ẹ̀dá Allāhu padà ni, pé ẹyin rẹ̀ kò ní í jẹ́ hàlálì.

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam, ọmọ mi. Hàlálì ni ẹyin náà. Kóró òwú kì í ṣe nàjísì, ìyẹn ohun àìmọ́, ohunkóhun tí ẹ̀rí kò sì kọ̀ fún wa, ó tọ́.

Àyàh tí ẹni mọ́ṣáláṣí yín gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé, Súrà An-Nisāi 4:119, sọ nípa Shàìtáánì tó ní òun yóò pàṣẹ kí wọ́n máa gé etí ẹran, kí wọ́n sì yí ẹ̀dá Allāhu padà. Àwọn abọ̀rìṣà ló ń gé etí ẹran bẹ́ẹ̀ fún òrìṣà wọn. Lójú tèmi, àgbẹ̀ tó ń tún irúgbìn ṣe kò sí lára wọn. Ìwé hàdíìsì tí Imāmu Muslim kó jọ gbà á wá pé nígbà tí ọ̀rọ̀ dída òdòdó ọ̀pẹ dábínù pọ̀ délẹ̀ ní Mẹ̀dínà, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Allāhu máa bá a) sọ fún wọn pé àwọn ló mọ ọ̀rọ̀ ayé wọn jù.

Gossypol ni wọ́n ń pe oró náà. Allāhu fi í ṣe ààbò fún òwú lọ́wọ́ kòkòrò. Màlúù tó ti dàgbà, tó ń jẹ àpọ̀jẹ, lè kápá rẹ̀ tí kò bá pọ̀ jù. Adìẹ kò lè kápá rẹ̀ bẹ́ẹ̀: kì í dàgbà bó ṣe yẹ, pupa ẹyin rẹ̀ á sì máa ṣe bí ewé. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n mú òwú kan jáde tí kò ní oró rárá, láti ewé dé kóró; kòkòrò sì dà bò ó. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Keerti Rathore, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas ló rí ọ̀nà mìíràn: inú kóró nìkan ni wọ́n ti dín in kù, ewé ṣì ní tirẹ̀. Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa gbìn ín ní 2018, wọ́n sì gbà á fún jíjẹ ní 2019. Èmi rí àánú Allāhu nínú ìmọ̀ yìí.

Má ṣe fi í wé òwú tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2018 kan náà o. Kòkòrò nìyẹn ń bá jà. Oró ṣì wà nínú kóró rẹ̀. Torí náà, tí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi hàn ọ́ irú èyí tó jẹ́, fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ní màlúù tó ti dàgbà. Ànábì sọ fún wa pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé títí ebi fi pa á. Adìẹ náà ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn rẹ. Ànábì sì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ ọlọ́jà kan, ó bá omi nínú rẹ̀, ó ní ẹni tó bá rẹ́ni jẹ kò sí lára òun. Bí pupa ẹyin rẹ bá ti yí àwọ̀ rí, sọ fún oníbàárà kó tó sanwó, kó sì rà á ní iye tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.