1775 tó wà nídìí ìkòkò tíì kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìyá mi àgbà tó ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù kó ìkòkò tíì tánganran kan wá sílé n'Íbàdàn ní 1984. Wọ́n kọ “Aynsley, England, Est. 1775, Bone China” sí ìdí rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣòwò ohun àtijọ́ ní ó ti pé ọdún 250, kí n sanwó kí òun bá mi ṣe ìwé ẹ̀rí. Ó ní kí n fi jíìkì rẹ inú rẹ̀ mọ́jú kí àbàwọ́n tíì lè ṣí. Èló ni mo lè tà á, ṣé a sì lè fi mu tíì?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí jíìkì kan ìkòkò yẹn.

Ó ti sú mi kí n máa rí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ọdún yìí gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. “Est.” tí ẹ rí yẹn ń sọ ìgbà tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1775 ni John Aynsley bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Longton, tó wà lára ìlú Stoke-on-Trent lónìí. Ọjọ́ ìbí ilé iṣẹ́ nìyẹn. Búrẹ́dì tí wọ́n kọ “láti 1958” sára ọ̀rá rẹ̀, ta ni yóò sọ pé 1958 ni wọ́n yan án?

Òǹtẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ló tú ọkùnrin náà láṣìírí. Ẹ wo “Bone China”. Tánganran tí wọ́n po eérú egungun màlúù mọ́ amọ̀ funfun rẹ̀ ni, eérú yìí sì tó nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n pò. Àwọn Spode, ìdílé amọ̀kòkò kan ní Stoke náà, ló mú ọ̀nà yìí fìdí múlẹ̀ láàárín 1790 sí 1800. Nígbà tí Aynsley ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sídìí ìkòkò. Ọ̀rúndún 20 ló tó wọ́pọ̀. Ẹ tún wo “England”. Ní 1890, Amẹ́ríkà ṣe òfin owó ibodè kan tí wọ́n ń pè ní McKinley Tariff: láti 1891, ọjà tó bá ti òkèèrè wọlé gbọ́dọ̀ ní orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá lára. Ìdí nìyẹn tí ìkòkò tó bá ní “England” kì í sábà ṣáájú 1891.

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ náà máa ń ṣubú síbí. Wọ́n á rí àmì onígun mẹ́rin tó dúró bíi dáyámọ́ǹdì, tí wọ́n lò ní Bìrìtìkó láti 1842 sí 1883, tàbí “Rd No” (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀) tó rọ́pò rẹ̀ ní 1884, wọ́n á wá ní ọdún tí wọ́n mọ ìkòkò náà nìyẹn. Rárá o. Ọdún tí wọ́n forúkọ àwòrán tàbí ìrísí rẹ̀ sílẹ̀ ni. Wọ́n lè máa mọ irú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí òǹtẹ̀ lè sọ fún wa ni ìgbà tí ìkòkò kò lè ṣáájú. Òmíràn tó dàgbà gan-an kò ní òǹtẹ̀ rárá.

Èmi ò tíì fojú kan tiyín o, àmọ́ lórí ohun tí ẹ kọ, ọ̀rúndún 20 ni. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà rà á ní tuntun. N kò lè dá iye lé ohun tí n kò dì mú. Ẹni tó bá dá iye lé e látorí fọ́tò, ẹ sá fún un.

Ní ti jíìkì: tí awọ dídán ara ìkòkò bá ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni yóò gbà wọlé. Tó bá gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á dì, á máa ti awọ náà kúrò. Ó tún ń ba góòlù ẹnu rẹ̀ jẹ́. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ni kí ẹ pò mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ rọra nu inú rẹ̀ nìkan. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì sínú bàsíà kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ sì bọ́ òrùka ọwọ́. Ikùn rẹ̀ ni kí ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, ẹ má fi etí rẹ̀ gbé e. Ẹ má gbé e sínú máíkírówéfù.

Tíì ńkọ́? Tí inú rẹ̀ bá dán dáadáa tí kò sán, mímu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò dẹ́rù bà mí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan inú rẹ̀ kí omi gbígbóná tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òjé lè wà nínú ọ̀dà àwo àtijọ́, omi kíkan sì lè fà á jáde, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí tíì ọlọ́sàn wẹ́wẹ́ sùn sínú rẹ̀, ẹ má sì fún ọmọdé mu níbẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè fọwọ́ sọ̀yà.

Tí ìyá àgbà bá ṣì wà, ẹ bi wọ́n lónìí: ṣọ́ọ̀bù wo, ọdún wo, àbí aláìsàn kan ló fún wọn? Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ ká a sínú ìkòkò náà.