Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní kò sí ṣéńjì, ó kó súwíìtì fọ́mọ: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún mẹ́rin. Bí mo bá ti mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìkóríta wa láti ra ọṣẹ tàbí Maggi, wàhálà dé nìyẹn. Bísíkíìtì, súwíìtì, mínírà, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́. Bí mi ò bá rà á, á yí gbiri nílẹ̀. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù náà tún máa ń fi súwíìtì dípò ṣéńjì. Kí ni mo lè máa rà fún un tí kò ní ṣe é ní jàǹbá, báwo ni mo sì ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ẹkún yìí? (Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Mínírà ni kí ẹ kọ́kọ́ jìnnà sí, bísíkíìtì kọ́ ni ọ̀gá ọ̀ràn níbí. Ẹ yí ike rẹ̀ padà, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ṣúgà sí. Bí wọ́n bá ní gíráàmù 10 ló wà nínú 100ml, á jẹ́ pé gíráàmù 35 ló wà nínú ike 35cl. Gíráàmù mẹ́rin ló ń kún ṣíbí ìpo-tíì kan, nítorí náà ó kù díẹ̀ kó pé ṣíbí mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀, ní 2016, American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, ní kí ṣúgà tí wọ́n fi kún ohun tí ọmọ ọdún méjì sí méjìdínlógún ń jẹ tó sì ń mu má tó gíráàmù 25 lójúmọ́. Ike kan péré ti kọjá rẹ̀. Bó bá sì mu ún nírọ̀lẹ́, ẹ má retí kó jẹ àmàlà alẹ́ dáadáa. Àwọn kan á ní mọ́ọ̀tì ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀. Ẹ ka ṣúgà ara agolo òun náà kẹ́ ẹ tó gbà fún wọn. Ní ti júùsì inú páálí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn èròjà ló pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ omi àti ṣúgà ló ṣíwájú, mínírà tí kò hó ni.

Bísíkíìtì kékeré kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú. Súwíìtì àti tọ́fí ló ń ba eyín jẹ́ jù, torí wọ́n ń pẹ́ lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí ṣúgà bá wọ ẹnu ni kòkòrò inú ẹnu ń sọ ọ́ di omi kíkan tó ń jẹ eyín, fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ọmọ tó jẹ ẹ lẹ́ẹ̀kan tó sì mu omi lé e sàn ju èyí tó ń lá a láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mo fẹ́ràn jù fún irú ìrìn yìí: ó ní èèpo tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè po nǹkan mọ́ ọn. Búrẹ́dì àti ẹyin tí ẹ sè fúnra yín náà dára. Ẹ̀pà odidi, gúgúrú àti súwíìtì líle, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, torí wọ́n lè bọ́ sí ọ̀nà èémí. Ohunkóhun tó bá ń jẹ, kó jókòó jẹ ẹ́. Kó má máa sáré. Bí nǹkan bá há a lọ́fun, tí kò lè wúkọ́, tí kò lè ké, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sí òkè ìdodo rẹ̀, ẹ fà á wọnú sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì bí ẹlòmíì ṣe ń wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí wọ́n kọ EXP sí. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé ọjà sí pẹ̀lú. Bísíkíìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ máa ń gba òórùn rẹ̀, bí ọ̀rá rẹ̀ kò tilẹ̀ ya. Ìpékeré tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ á máa rùn bí òróró àtijọ́. Bí ọ̀rá yọ́gọ́ọ̀tì bá wú bí bọ́ọ̀lù, ó ti bàjẹ́: iná ti lọ, fíríìjì ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń tì í. Bó bá sì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń rọ kẹrosíìnì sínú ike omi ni, ẹ má jẹ́ kọ́wọ́ ọmọ tó nǹkan kan nílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti ṣéńjì, ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Bí kò bá sí, ẹ ní: “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣáná tàbí Maggi, tàbí kó wà lọ́wọ́ yín dọ̀la.” Súwíìtì tí wọ́n máa ń fi ṣe èènì fọ́mọ ṣòro díẹ̀ láti kọ̀, torí oore ni. Ẹ lọ bá a nígbà tí ọmọ kò sí níbẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé pé eyín ọmọ lẹ ń ṣọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bímọ, ọ̀rọ̀ yín á yé wọn.

Ẹkún wá kù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ fún un lóúnjẹ kẹ́ ẹ tó jáde. Lẹ́nu ọ̀nà ilé, ẹ sọ pé ohun kan ṣoṣo la máa rà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àbí bísíkíìtì? Kó mú ọ̀kan, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sanwó. Bó bá yí gbiri níbẹ̀, ẹ gbé e, ẹ máa lọ, ọjà ò sá. Bí ẹ bá rà á lẹ́yìn tó sunkún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti mọ iye ẹkún tó ń ra súwíìtì nìyẹn, á sì san án pé lọ́la. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹkún náà lè le sí i kó tó rọlẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ àti ìyá àgbà mọ̀ sí i, kó má di pé ohun tí ẹ fi dù ú láàárọ̀ ni wọ́n ń fún un lálẹ́.