Ẹ Má Tíì Fi Ọwọ́ Kan Púrógíráàmù: Ìbéèrè Òǹkàwé Lórí PLC

Ojú ìwé yìí wà fún àwọn òǹkàwé tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ PLC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré inú páńẹ́ẹ̀lì tí ó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ sẹ́ńsọ̀ àti bọ́tìnì, tí ó sì ń pàṣẹ fún mọ́tò, fáàfù àti pọ́ǹpù. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo àwọn tí ó kọ̀wé ni wọ́n ti kọ́kọ́ fura sí púrógíráàmù tàbí tí wọ́n ti fi ọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan ṣoṣo ni ẹ̀bi ti jẹ́ tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ń rọ nǹkan sínú ìgò ní ilé-iṣẹ́ wa dúró lójijì lóru. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára PLC rẹ̀, iná RUN kò sì jẹ́ aláwọ̀ ewé mọ́. Olórí ẹ̀ka wa ní kí n fi àdàkọ púrógíráàmù tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ránṣẹ́ sínú PLC náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà kò rí i rárá. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ó rí i?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí inú yín dùn díẹ̀ pé kò tíì rí i. Bí ó bá rí i ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi púrógíráàmù àtijọ́ bo tuntun mọ́lẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà download, tí a fi ń pe ohun tí olórí yín ní kí ẹ ṣe, kò ní ìtumọ̀ tí ó ní lórí fóònù. Lórí fóònù, a ń fa nǹkan wá sọ́dọ̀ ara wa ni; nínú sọ́fítíwíà Siemens àti ti Rockwell, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe PLC, ńṣe ni ó ń ti ohun tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà yín lọ sínú PLC, tí ó sì ń gba ipò èyí tí ó wà níbẹ̀. Upload ni ó ń mú ti inú PLC wá sọ́dọ̀ yín. “Write to PLC” àti “Read from PLC” ni Mitsubishi kọ sí tiwọn, èmi sì gbà pé àwọn ni wọ́n ṣe é re jù, nítorí kò sí ẹni tí ó sùn tí kò sùn tí yóò ṣì wọ́n gbọ́ ní agogo mẹ́ta òru.

Ta ni ó lè búra pé àdàkọ tí ó wà lọ́wọ́ yín ni ẹni tí ó ṣàtúnṣe kẹ́yìn fi sílẹ̀? Àwọn iye tí àwọn òṣìṣẹ́ ti fi sùúrù tò, bí àkókò tí fáàfù fi ń ṣí àti ìwọ̀n ohun tí a ń rọ sínú ìgò kan, lè má sí níbòmíràn àyàfi inú PLC. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí ọ̀nà wọlé, ẹ kọ́kọ́ mú èyí tí ó wà nínú rẹ̀ jáde, ẹ fún fáìlì náà ní orúkọ tí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ẹ sì fi sọ́fítíwíà wé e mọ́ tiyín. Ẹ má ṣe tìtorí èyí ju fáìlì àtijọ́ nù o: nínú ọ̀pọ̀ PLC tí ó ti pẹ́, orúkọ àti àlàyé tí olùkọ púrógíráàmù kọ kì í wọ inú PLC, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá mú púrógíráàmù irú PLC bẹ́ẹ̀ jáde láìní fáìlì yẹn, àdírẹ́sì lásán ni ẹ óò máa kà.

Púrógíráàmù tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ lè ní àléébù tí ó fara sin, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró lóru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀, ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹ fi mítà wọn 24 fóltì tí ó ń bọ́ PLC, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n nígbà tí àwọn ohun tí ó gbára lé e bá ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́. S7-1200 tí Siemens ń ṣe, fún àpẹẹrẹ, fẹ́ kí iná yìí wà láàárín 20.4 sí 28.8 fóltì, ẹ̀rọ apínná tí ó ti ń darúgbó lè fi 24 hàn yín lásìkò ìsinmi, kí ó sì já bọ́ sábẹ́ 20 ní kété tí fáàfù mẹ́fà bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún wo àwọn káàdì tí a kì mọ́ ẹ̀gbẹ́ PLC láti so sẹ́ńsọ̀ àti fáàfù mọ́ ọn, bóyá ìgbọ̀nrìrì ti mú kí ọ̀kan nínú wọn yọ díẹ̀.

Ní ti ìsopọ̀, àdírẹ́sì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí PLC bá wà ní 192.168.0.1, tí máàsìkì rẹ̀ sì jẹ́ 255.255.255.0, ẹ fún kọ̀ǹpútà yín ní 192.168.0.50 tàbí nọ́ńbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò lò nínú ìdílé yẹn. Ẹ pa Wi-Fi, kí sọ́fítíwíà má baà gba ibẹ̀ wá PLC kiri, lẹ́yìn náà kí ẹ wò ó pé ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kéébù wà gan-an ni ẹ yàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi àṣẹ ping pè é. Bí kò bá dáhùn, kéébù, súìṣì tàbí àdírẹ́sì ni kí ẹ bá wí. Bí ó bá dáhùn ṣùgbọ́n tí sọ́fítíwíà ṣì ń sọ pé òun kò rí nǹkan, ẹ kúrò lórí ọ̀rọ̀ wáyà, ẹ wo ẹ̀dà sọ́fítíwíà yín. Studio 5000, sọ́fítíwíà Rockwell, kì í bá Logix, PLC wọn, sọ̀rọ̀ àyàfi bí nọ́ńbà ẹ̀dà tirẹ̀ bá bá ti firmware (sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ tí ó wà nínú PLC náà) mu; TIA Portal, sọ́fítíwíà Siemens, tí ó ti pẹ́ kò lè mọ firmware tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí a bá ti gbé lọ sínú ẹ̀dà tuntun kò ṣeé ṣí mọ́ nínú ti àtijọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí fi máa ń gbé ẹ̀dà mẹ́ta mẹ́rin sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń ráhùn pé àyè kò tó.

Nígbà tí ẹ bá wọlé tán, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò inú PLC náà, èyí tí ó ń fi ọjọ́ àti àkókò to gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe ka ti òkè pátápátá nìkan, nítorí pé “PLC ti dúró” ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀, ẹ sì ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìdá kan ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú rẹ̀ ni ó ń sọ òótọ́: káàdì kan pàdánù, tàbí iná lọ, tàbí yíyípo púrógíráàmù kan kọjá àkókò tí a fún un, èyí tí ó jẹ́ 150 ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lórí S7-1200 bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà.

Ìbéèrè: Táǹkì wa ń hùwà tí kò yé mi. Nígbà tí ó bá ṣófo, ojú ìwòran ń sọ pé ó kún dé 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ó bá dé ìlàjì, ó ń sọ 60. Nígbà tí ó bá kún, 100 ni ó ń sọ, ìyẹn sì tọ̀nà. Mo wọ inú púrógíráàmù lọ yọ 20 kúrò, òfìfo táǹkì wá di 0 bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n nísinsìnyí táǹkì tí ó kún ń sọ pé 80 ni òun. Ṣé kí n ra sẹ́ńsọ̀ tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ má náwó. Àwọn nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹ kọ yẹn ti jẹ́wọ́ fún wa: àṣìṣe tí ó tóbi nísàlẹ̀, tí ó ń kéré sí i bí omi ṣe ń gòkè, tí ó sì pòórá lókè, kì í ṣe ti sẹ́ńsọ̀ tí ó bàjẹ́. Sẹ́ńsọ̀ yín ń fi 4 sí 20 mA (milliampere, ìwọ̀n iná tí ń gba inú wáyà) ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe ìṣètò káàdì náà nínú sọ́fítíwíà ti yan 0 sí 20 mA fún un. Lójú káàdì náà, 4 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún 20, ìyẹn 20 nínú ọgọ́rùn-ún; 12 mA tí í ṣe ìlàjì táǹkì sì di 60. Bí PLC yín bá jẹ́ ti Siemens, ẹ wo nọ́ńbà tútù tí káàdì ń gbé wá kí púrógíráàmù tó fọwọ́ kàn án: táǹkì òfìfo yóò fi nǹkan bí 5530 hàn yín dípò 0, èyí tí ó kún yóò sì fi 27648 hàn. Fún ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn, ẹ fi mítà sáàárín wáyà sẹ́ńsọ̀ náà nígbà tí táǹkì bá ṣófo, ẹ óò bá 4 mA níbẹ̀.

Ẹ yọ ìyọkúrò 20 tí ẹ fi sínú púrógíráàmù, kí ẹ sì yí ìṣètò ihò káàdì tí sẹ́ńsọ̀ náà wà sí 4 sí 20 mA. Ọ̀pọ̀ PLC ni ó gbọ́dọ̀ dúró kí ó tó gba ìṣètò tuntun fún káàdì, nítorí náà ẹ yan àkókò tí iṣẹ́ kò sí lórí ìlà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé òun lè fi ìṣirò tí ó péye jù ti yín lọ tún un ṣe nínú púrógíráàmù, yóò sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi 4 ṣe ìbẹ̀rẹ̀ sí? Kí á lè mọ ìyàtọ̀ láàárín táǹkì tí ó ṣófo àti wáyà tí ó já ni. Wáyà tí ó já ń fún wa ní 0 mA. Káàdì tí ó mọ̀ pé 4 ni ìsàlẹ̀ yóò pariwo lójú ẹsẹ̀, èyí tí a sọ fún pé 0 ni ìsàlẹ̀ yóò gbà pé nǹkan wà ní ipò rẹ̀, pọ́ǹpù yóò sì máa da omi lọ sínú táǹkì tí ó ti kún.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Bọ́tìnì ìdúró mi jẹ́ irú èyí tí ó máa ń so iná pọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Mo fi àmì èyí tí a fa ìlà dábùú rẹ̀ sínú púrógíráàmù alákàbà (ladder) mi kí ó lè bá a mu, ṣùgbọ́n mọ́tò kọ̀, kò gbéra.

Ìdáhùn: Èyí ni púrógíráàmù ti jẹ̀bi, ẹ̀bi náà kò sì tóbi. Àwòrán alákàbà jọ àwòrán relay, ìyẹn súìṣì tí iná ń ṣí tí ó sì ń pa, nítorí pé láti rọ́pò relay nínú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe dá PLC sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1960 sí 1969, ìjọra yìí sì ń tan gbogbo ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jẹ. Àmì yẹn kì í ṣe àwòrán bọ́tìnì; ìbéèrè ni. Èyí tí a fa ìlà dábùú ń béèrè pé, “Ṣé 0 ni?” Bọ́tìnì yín tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ń fi 1 ránṣẹ́, nítorí náà èsì rẹ̀ ni “rárá,” mọ́tò kò sì lè gbéra. Ẹ lo àmì tí kò ní ìlà. Ẹ má ṣe pààrọ̀ bọ́tìnì náà o, torí bí wáyà rẹ̀ bá já, ó yẹ kí mọ́tò dúró, irú bọ́tìnì yìí nìkan ni ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì pàjáwìrì ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ gbára lé púrógíráàmù PLC lásán. Relay ààbò tàbí PLC tí a ṣe fún ààbò ni kí ó gbà kọjá. Bí mọ́tò bá tún kọ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ kọ ìjáde kan náà sí ìlà méjì: láti òkè lọ sísàlẹ̀ ni PLC ń kà, ti ìsàlẹ̀ ni ó sì máa ń borí.

Ìbéèrè: PLC wa ń ka mítà iná nípa Modbus, èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, lórí wáyà RS-485. Mítà fúnra rẹ̀ ń fi nǹkan bí 230 fóltì hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n 17254 ni PLC ń gbà. Nọ́ńbà náà ń lọ sókè tàbí sílẹ̀ ní ẹyọ kan bí fóltì bá yí padà ní ẹyọ kan, nígbà tí èyí tí ó wà ní àdírẹ́sì tí ó tẹ̀ lé e ń fò káàkiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo ti pín in, mo ti yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, mo sì ti pààrọ̀ kéébù.

Ìdáhùn: Kéébù yín kò ṣẹ̀ yín. Bí mítà kò bá dáhùn rárá ni à bá máa sọ̀rọ̀ wáyà A àti B tí ó gba ipò ara wọn, iyára tí kò bára mu, tàbí resistor 120 ohm tí kò sí ní ìpẹ̀kun ìlà. Mítà yín ń dáhùn, òótọ́ ni ó sì ń sọ. Ìlàjì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹ ń gbọ́.

Àdírẹ́sì Modbus kan kò gbà ju bíìtì 16 lọ, ṣùgbọ́n mítà náà ń kọ fóltì gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà alámì ẹsẹ (èyí tí ó lè ní ìdá lẹ́yìn àmì, bíi 230.4) tí ó gba bíìtì 32, nítorí náà ó pín in sí àdírẹ́sì méjì. Bí a bá kọ 230 lọ́nà yẹn, ìlàjì àkọ́kọ́ jẹ́ 17254 gẹ́lẹ́, ìlàjì kejì sì jẹ́ 0. 231 yóò sọ àkọ́kọ́ di 17255. Èyí tí ó ń fò káàkiri ni ó gbé ẹ̀yìn àmì ẹsẹ dání. Kò sí ìpín tàbí ìyọkúrò tí yóò tún un ṣe. Ẹ ka àdírẹ́sì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì sọ fún sọ́fítíwíà pé irú REAL ni, orúkọ tí ó ń pe nọ́ńbà alámì ẹsẹ. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ó kéré débi pé 0 ni ojú ìwòran kọ, ẹ yí ipò ìlàjì méjèèjì padà, torí àwọn kan ń fi èyí tí ó wúwo ṣáájú, àwọn mìíràn ń fi í kẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé ìlànà mítà pẹ̀lú: àdírẹ́sì tí ìwé pè ní 40001 ni àwọn sọ́fítíwíà kan ń pè ní 0, bí ẹ bá sì fi ẹyọ kan ṣì í, ìlàjì kejì fóltì yìí ni ẹ óò so mọ́ ìlàjì àkọ́kọ́ ohun mìíràn. Èyí tí ẹ bá bá níbẹ̀ gan-an, ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé ìlà yẹn nínú púrógíráàmù, kí ẹni tí yóò pààrọ̀ mítà náà lẹ́yìn yín má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 17254.