Kí ni mo lè sọ fún ẹni tí kímò ti sú?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Mo ti gba kímò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, tán nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ara mi sì ti ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Bàbá kan wà tí a jọ máa ń jókòó de dókítà. Wọ́n ti gba tiwọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ní àwọn ò lọ mọ́. Ìyàwó wọn bẹ̀ mí pé kí n bá wọn sọ̀rọ̀, torí wọ́n máa ń gbọ́ tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ parọ́ fún wọn, mi ò sì fẹ́ sọ ohun tí yóò tún dá kún ìbànújẹ́ wọn. Ìyàwó wọn tún bi mí bóyá tèmi ti lọ pátápátá, mi ò sì mọ èsì tí mo lè fọ̀. Kí ni kí n sọ? Kí ni kò yẹ kí n sọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ sì kú àjàbọ́. Ó dára tí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó lọ.

Ẹ má lọ síbẹ̀ láti lọ yí bàbá lọ́kàn padà. Ẹ lọ gbọ́ tẹnu wọn. Nídìí iṣẹ́ wa, bí aláìsàn bá ní òun ò ṣe mọ́, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe gbogbo ìtọ́jú náà ló sú u. Nǹkan kan pàtó wà tó ń jẹ ẹ́ níyà, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ èébì. Ó lè jẹ́ pé wọn ò rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mélòó kan, torí ondansetron tí a fi ń dá èébì dúró máa ń mú kí ìgbẹ́ gan. Ó lè jẹ́ àìsùn, tó sì jẹ́ pé dexamethasone, oògùn tí a máa ń fún wọn mọ́ kímò, ni kò jẹ́ kí oorun kùn wọ́n. Ó sì lè jẹ́ iṣan ọwọ́ tó ti fara pamọ́, tí wọ́n ń gún wọn káàkiri kí omi tó wọlé. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ohun tí a lè ṣe sí i. A lè pààrọ̀ oògùn èébì, tàbí kí a fi òmíràn kún un. A lè fún wọn ní oògùn tó ń rọ ìgbẹ́. Dókítà lè sọ pé kí wọ́n máa lo dexamethasone láàárọ̀ dípò ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n a ò lè tún ohun tí a ò gbọ́ ṣe, àwọn àgbàlagbà wa sì fẹ́ràn kí wọ́n máa dáhùn pé "mo wà dáadáa" nígbà tí dókítà bá bi wọ́n.

Ibi tí ẹ ti wúlò jù wá nìyẹn. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, èwo ló le jù nínú ẹ̀?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má sáré kún àyè yẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú. Bí wọ́n bá ní "gbogbo ẹ̀ ni", ẹ fi ọjọ́ wá a: "Lọ́jọ́ tí ẹ gbà á gan-an ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì? Tó bá di alẹ́?" Wọ́n á débi kan tí ohùn wọn á yí padà. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n sọ pé bí ìyàwó àwọn bá ti ṣí ìkòkò báyìí, èébì ti ń gbé àwọn. Ìgbà yẹn ni ẹ tó mú tiyín jáde: bóyá ẹ̀yin náà ò lè gbóòórùn oúnjẹ gbígbóná, tí wọ́n wá ń jẹ́ kí ó tutù kí wọ́n tó gbé e wá bá yín, bóyá ẹnu yín ń dà bí irin, tí ẹ fi ṣíbí onírin sílẹ̀ tí ẹ mú ti rọ́bà. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n láti ẹnu ẹni tó ti jókòó sórí àga yẹn, ó máa ń wọni lára ju ìwé ìlànà tí a ń pín lọ. Mo lè mọ orúkọ gbogbo oògùn náà, síbẹ̀ mi ò lè sọ pé "èmi náà rí i bẹ́ẹ̀". Ẹ̀yin lè sọ ọ́.

Ohun kejì tí ẹ lè fún wọn ni òye bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Kímò ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ sí i. Jẹjẹrẹ wà lára irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹnu, ti ìfun, ti irun àti ti mùdùnmúdùn egungun náà ń yára, ìdí nìyẹn tí àwọn náà fi ń bá jẹjẹrẹ pín nínú ìyà. Èyí tó pọ̀ jù nínú kímò ẹ̀dọ̀fóró ni a máa ń fúnni ní ọjọ́ 21 síra, lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Dexamethasone á gbé ara ró díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti tán lára, àárẹ̀ á wó luni, ọ̀pọ̀ sì máa ń rò nígbà yẹn pé àìsàn ló gbóná sí i. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ara á tún máa gbéra kí ti òmíràn tó dé. Bàbá tó rò pé bí òun ṣe rí lónìí ni òun yóò ṣe máa rí títí, ó tọ́ kí ó sú wọn. Ẹ ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo ló le, ọjọ́ wo ni wọ́n lè jáde síta. Bó ṣe rí lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ àti ti ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń jọra, á sì ran dókítà náà lọ́wọ́.

Àmọ́ kí ẹ tó sọ ìtàn tiyín, ẹ béèrè orúkọ oògùn wọn. Carboplatin pẹ̀lú paclitaxel máa ń re irun dànù, ó sì lè mú kí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa kú tàbí kí ó máa ta. Pemetrexed kì í sábà gbé gbogbo irun lọ. Cisplatin ń fẹ́ omi púpọ̀ nítorí kíndìnrín, ó sì lè mú kí etí máa hó. Ẹni tí wọ́n ń fún ní etoposide nítorí oríṣi tó ń yára tàn, ọjọ́ mẹ́ta léraléra ló máa ń gba oògùn nínú ìgbà kan. Bí ẹ bá fi tiyín ṣe òṣùwọ̀n tiwọn, wọ́n lè rò pé ara àwọn ló burú. Ẹni tó bá ń gba pemetrexed tún ní folic acid tí ó ń lò lójoojúmọ́ àti abẹ́rẹ́ vitamin B12, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kímò. Mo ti gbọ́ kí aláìsàn sọ fún aláìsàn pé fítámì lásán ni, kí ó fi sílẹ̀. Kì í ṣe lásán rárá. Òun ló ń dín ọṣẹ́ tí oògùn yẹn ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ àti ẹnu kù.

Ní ti ìbéèrè ìyàwó wọn, ẹ dá a lóhùn ní òótọ́, ní ṣókí: "Ohun tí dókítà sọ nípa tèmi rèé, ṣùgbọ́n tèmi ò lè sọ bí ti bàbá yóò ṣe rí." Wọ́n ń fún ẹlòmíì ní kímò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó pa èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹlòmíì ń gbà á pọ̀ mọ́ ìtọ́jú onítànṣán. Ẹlòmíì, àrùn náà ti tàn, kímò sì wà láti sún un kì, kí mímí lè rọrùn, kí ẹ̀mí sì gùn sí i. Ẹ lè má mọ èwo ni ti bàbá, ìyàwó wọn náà lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún un pé kí ó bi dókítà ní gbangba pé, "Kí ni ẹ ń retí kí oògùn yìí ṣe?" Mo mọ̀ pé ó wù yín láti sọ pé "ẹ máa yè é, bí mo ṣe yè é". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Bí skáànù, ìyẹn àwòrán inú ara, bá dé tí kò dára, ìlérí yẹn ni wọ́n máa rántí, wọn ò sì ní lè pè yín mọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n nílò yín jù.

Ẹ má sì bi wọ́n bóyá wọ́n mu sìgá. Ìbéèrè yìí ti dé etí wọn ju bó ṣe yẹ lọ, ìtìjú tó ń tẹ̀ lé e sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró fẹ́ jókòó láàárín ẹgbẹ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 10 sí 20 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló wà lára ẹni tí kò mu sìgá rí tàbí tí èyí tó mu láyé ò tó igi 100. Ẹni tó sì mu ún, kò yẹ kó jẹ̀bi lórí ibùsùn. Bí bàbá bá ṣì ń mu, tí àwọn fúnra wọn sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé dókítà lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fi sílẹ̀, àti pé kò tíì pẹ́ jù.

Àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú rárá. Bí ara bá gbóná tó 38 °C, tàbí tí òtútù ń gbọ̀n wọ́n, tí mímí ṣàdédé nira, tí wọ́n ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan ṣàdédé wú, tàbí tí omi pàápàá ò dúró nínú, kí wọ́n pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Kí wọ́n má kọ́kọ́ lo paracetamol láti wò ó bóyá á lọ, torí ó lè bo ibà náà mọ́lẹ̀ nígbà tí àrùn ń ṣiṣẹ́ nínú. Bí ẹ̀yin náà bá ní ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́, fóònù ni kí ẹ fi bẹ̀ wọ́n wò. Ẹ má fún wọn ní èyí tó ṣẹ́ kù nínú oògùn yín, ẹ má sì júwe àgbo.

Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ yín yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1952, obìnrin kan tó ń jẹ́ Terese Lasser, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ wò nílé ìwòsàn ní New York. Gbogbo dókítà kọ́ ló kọ́kọ́ fara mọ́ iṣẹ́ náà. Ní 1969, American Cancer Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, gba iṣẹ́ náà mọ́ra, wọ́n sì ń dá àwọn tó ń bẹ aláìsàn wò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà lè bi ilé ìwòsàn yín bóyá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹrù yìí má bàa wà lórí yín nìkan. Ọjọ́ tí skáànù tiyín bá sún mọ́lé, tí ọkàn yín ò balẹ̀, ẹ lè sọ fún ìyàwó bàbá pé ọ̀sẹ̀ yìí ò ní rọrùn fún yín. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ẹ̀.

Bí bàbá bá sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà tán, tí wọ́n ṣì ní àwọn ò gbà á mọ́, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ má bá wọn jà. Àwọn ọ̀nà kan ṣì wà láàárín bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́: dókítà lè dín ìwọ̀n oògùn kù, ó lè sún ọjọ́ síwájú kí ara sinmi, ó sì lè pààrọ̀ oògùn. Kí wọ́n tún béèrè fún àwọn tó ń mójú tó ìrora àti ìnira aláìsàn. Àwọn kan rò pé ẹni tó ń kú lọ nìkan ni wọ́n wà fún, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine ní 2010 fi hàn pé àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ti tàn, tí irú àwọn olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í rí, gbádùn ara wọn ju àwọn yòókù lọ, ìbànújẹ́ wọn kéré, wọ́n sì pẹ́ láyé jù wọ́n lọ. Bí wọ́n bá sì dá kímò dúró, ẹ ṣì máa pè wọ́n bí ẹ ṣe ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, ẹ bá ìyàwó wọn wo ọjọ́ tí wọ́n dá fún ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ohunkóhun tí bàbá bá sọ fún yín pé ó le jù, ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó ṣeé sọ fún nọ́ọ̀sì wọn. Bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n pe ilé ìwòsàn kí ọjọ́ náà tó pé, kí dókítà ti mọ̀ ọ́n kí bàbá tó jókòó sórí àga.