Èsì: Ìbínú lórí gbèsè oníbàárà

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ ní ẹni tó ra àwìn ní ṣọ́ọ̀bù yín l'Adó-Èkìtì ń fojú pamọ́ fún yín, inú sì ń bí yín débi pé ẹ kì í sùn. Ẹ bèèrè ohun tí ẹ̀kọ́ Buddha, olùkọ́ ìgbàanì tó kọ́ni ní Íńdíà, lè ṣe sí i.

Buddha ní ọfà méjì ló ń bani. Owó tí kò wọlé ni àkọ́kọ́. Èkejì ni ẹjọ́ tí à ń rò lóru, òun la sì lè dá dúró.

Láti dá a dúró, ẹ jókòó, kí ẹ fọkàn sí ihò imú. Ẹ ka èémí tó ń jáde láti 1 dé 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọkàn bá sá lọ sórí gbèsè, ẹ padà sí 1, ẹ má bá ara yín wí. Àwọn kan máa ń fa èémí tipátipá, òòyì á sì kọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kó máa lọ fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ tó.

Kí ẹ tó tẹ WhatsApp sí oníbàárà náà, ẹ bi ara yín ní nǹkan márùn-ún tí Buddha kà nípa ọ̀rọ̀ sísọ: ṣé àsìkò rẹ̀ nìyí, ṣé òtítọ́ ni, ṣé ohùn rẹ̀ tutù, ṣé ó wúlò, ṣé inú ire ló ti wá? "Ẹ jọ̀ọ́, ₦8,000 ọjọ́sí ńkọ́?" yege dáadáa. Ẹ̀kọ́ yìí kò ní kí ẹ má bèèrè owó yín rárá.