Ojú ọmọ wọ́ sínú, ẹ ní tó bá dàgbà á lọ?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú òsì ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́ sí ọ̀dọ̀ imú. Ó ń ríran dáadáa o, àmọ́ tó bá ń da omi, ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù ló ń dà á sí, bọ́ọ̀lù náà kì í lè mú. Ìyá ọkọ mi ní tó bá dàgbà á lọ. Oògùn ojú wo ni kí n rà fún un l'Ókè-Àje? (Ìyá Ọlọ́mọ, Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má ra nǹkankan. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí ní "oògùn wo", ó ti sú mi. Kò sí oògùn orí àtẹ tó lè fa ojú tó wọ́ padà, òmíì tiẹ̀ ní sitẹ́rọ́ìdì (oògùn líle tó ń mú pípọ́n àti wíwú rọlẹ̀) nínú tó lè fọ́ ojú tó bá pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ ní ó ń ríran dáadáa. Ojú kan lè jẹ́ òun ló ń ríran o! Ẹ na ìka síwájú imú yín, ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ ṣí i, ẹ wá di tòsì. Ṣé ẹ rí i pé ìka yẹn ń fò? Ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan rí yàtọ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn ni ọpọlọ fi ń mọ bí kọ́ọ̀bù ṣe jìn sí wa tó. Tí ojú kan bá wá ń wo imú, tiẹ̀ ò ní bá ti ìkejì mu, ọmọ ì bá máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ọpọlọ ọmọdé ò sì gba wàhálà yẹn, ńṣe ló máa pa ojú tó wọ́ tì, bẹ́ẹ̀ lagbára ojú yẹn á máa lọ sílẹ̀. Amblyopia là ń pè é. Ọmọ ò ní kọlu ògiri torí ojú kan náà ń fi òjìji àti bí nǹkan ṣe tóbi mọ ohun tó jìnnà, nǹkan ìtòsí bíi kọ́ọ̀bù àti bọ́ọ̀lù ló máa tú u fó.

Tó bá dàgbà á lọ kẹ̀? Ojú ìkókó tí ò tíì pé oṣù mẹ́rin lè máa rìn gbéregbère, ibẹ̀ ni Màmá àgbà ti mú u. Ọmọ ọdún márùn-ún kì í ṣe ìkókó. Hubel àti Wiesel, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ọpọlọ tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, rán ìpéǹpéjú kan ọmọ ológbò pa; ìgbà tí wọ́n tú u, ojú ò ṣàìsàn, ọpọlọ ni ò dá a lóhùn mọ́. Bí wọ́n bá ṣe é fún ológbò tó ti dàgbà, kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Ìgbà èwe yẹn lẹ fẹ́ fi dúró yẹn o.

Dígí ojú lè tó, wọ́n sì lè ní kí ẹ máa bo ojú fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Èyí tó dáa ni wọ́n ń bò o, kì í ṣe èyí tó wọ́, kí ọpọlọ lè padà máa lo èyí tó wọ́! Ẹ má dá a ṣe nílé, ẹ lè ba èyí tó dáa jẹ́. Iṣẹ́ abẹ lè tún ojú náà tò, òun nìkan ò lè jí ọpọlọ.

Mi ò tíì rí ọmọ náà, mi ò lè búra pé èyí gan-an ló ń ṣe é. Àmọ́ tí ibi dúdú àárín ẹyinjú ẹ̀ bá ń funfun nínú fọ́tò, ẹ gbé e lọ lónìí, torí jẹjẹrẹ ojú ọmọdé lè kọ́kọ́ jọ ojú tó wọ́ lásán. Tí ò bá sí ìyẹn náà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ẹ lọ sí ẹ̀ka ojú ní OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù, kí ẹ sì mú àwọn fọ́tò ẹ̀ àtìgbà tó wà ní kékeré dání, ká lè mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.