Ìrora ọ̀fun tó tún gbóná lọ́jọ́ kẹfà

Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ ní ọjọ́ kẹfà rèé tí wọ́n yọ bélúbélú (tonsil) inú ọ̀fun yín, tí wọ́n sì tún àárín imú yín tó wọ́ tò. Pé ìrora tó ti ń rọlẹ̀ tún gbóná, ohun funfun bo ọ̀fun, ẹ wá ń bẹ̀rù pé ojú ọgbẹ́ ti kẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n ṣe fún èmi náà lọ́jọ́ kan, bó sì ṣe rí lára mi gan-an nìyẹn.

Ohun funfun yẹn, èépá ni. Èépá inú ẹnu kì í dúdú bíi ti orúnkún, torí itọ́ ń rin ín. Èémí á máa rùn, etí náà á máa ro yín, bẹ́ẹ̀ ọ̀fun ló ń ránṣẹ́ sí i. Láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá ni èépá ń ṣí, ìgbà yẹn ló máa ń dunni jù. Ṣùgbọ́n bí ibà ńlá bá bá a wá, ẹ pe dókítà.

Omi ni mo fi ṣe àṣìṣe tèmi. Lọ́jọ́ keje, gbígbé itọ́ mì di ogun, ni mi ò bá mu nǹkan kan láti àárọ̀ dalẹ́. Imú dí, ẹnu ni mo fi ń mí, ọ̀fun gbẹ bí awọ ìlù. Ní ìdájí, ẹ̀jẹ̀ pupa kún mi lẹ́nu. A sáré dé ọsibítù, wọ́n dá a dúró, ibẹ̀ ni mo sì sùn mọ́jú. Mi ò lè búra pé àìmumi ló fà á, torí ó ń ṣe ẹni tó pa gbogbo òfin mọ́ náà. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mumi díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru.

Ẹ lo oògùn ìrora lásìkò tí wọ́n kọ ọ́, ẹ má dúró kó tó dùn yín. Èmi a máa lò ó ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ. Ẹ má fọwọ́ kan aspirin. Ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú ewédú tí kò láta ló gbé mi ró. Ewédú ń yọ̀ kọjá lójú ọgbẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé orógbó àti àgbo wá, ó tún fẹ́ kí n fi aṣọ borí sórí omi híhó. Ìfẹ́ ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé e padà: ooru gbígbóná lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ imú tún ṣẹ́.

Ẹ má fun imú títí dókítà á fi ní ó tó. Bí ẹ bá fẹ́ sín, ẹ la ẹnu. Ẹ to ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ orí. Ikun tó pọ́n díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tuntun bá ń jáde lọ́fun, ẹ dìde jókòó, ẹ máa tu ú dànù, ẹ má gbé e mì, ọsibítù ló kàn, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín sùn ní yàrá lálẹ́ òní, títí ọjọ́ kẹwàá á fi kọjá, kẹ́ ẹ sì ti bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀.